Félicité àti Ìgò Ẹńsúlínì

Bí ẹ bá fẹ́ rí Félicité, ẹ gba ẹbu lọ ní Ikpinlè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo pupa. Òun ni ẹ ó bá nídìí iná, tí epo ti rin aṣọ rẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni ò mọ àwọ̀ tó rà á mọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi aránṣọ tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa níyà, èmi ni mo ń sọ tèmi mọ́ tirẹ̀. Lucien ọkọ rẹ̀ ń bá wọn kọ́lé ní Kútọnu, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ọpẹ́yẹmí, ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ní ọdún tó kọjá ni àtọ̀gbẹ mú ọmọ náà. Ó ń mu omi bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé omi fẹ́ tán láyé, ó ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń rù. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ní Pobè, Tàǹtí Murielle, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ, fún Félicité ní ìgò kékeré kan. Ẹńsúlínì ni wọ́n ń pe oògùn inú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi ń gún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Félicité bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ju ejò lọ. Ó ní, "Tàǹtí, ṣé kò sí èyí tó ṣeé mu?"

"Kò sí, Ìyá Ọpẹ́. Bí ẹyin ni oògùn yìí rí. Bí ẹ bá gbé e mì, inú á lọ̀ ọ́ bí oúnjẹ, agbára rẹ̀ ò ní dé inú ẹ̀jẹ̀. Abẹ́ awọ ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ooru ń bà á jẹ́, bí iná ṣe ń mú ẹyin dì. Bó bá sì di yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ó tún sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa di ìgò náà mú, Félicité sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó délé, ọsàn mẹ́fà ló gún lábẹ́rẹ́ kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Kò ní fírígò, ló bá gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, ó da iyanrìn tútù sáàárín wọn, ó sì ń bu omi sí i lójoojúmọ́. Inú ibẹ̀ ni ìgò ń gbé. Fún oṣù mẹ́sàn-án, ara ọmọ le, ó ń lọ sí ilé ìwé, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà.

Lẹ́yìn Àjíǹde, nígbà tí ẹyìn pọ̀ ní ẹbu, ìyá Lucien wá láti Tatonnonkon kó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó dé tí Ọpẹ́yẹmí tún bẹ̀rẹ̀ sí mu omi.

"Ta ló fún ẹ ní ṣúgà?" Félicité bi í.

"Mi ò jẹ ṣúgà, Màmá."

Kò gbà á gbọ́. Ó pè é ní olè. Èmi náà fi ẹnu mi tí kì í dúró sí i, mo ní irọ́ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń jẹ ẹ̀kọ. Ojú ṣì ń tì mí títí dòní.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé kan, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí bì, ó ń mí bí ẹni tó sáré dé láti oko. Félicité gbé ìgò sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Nǹkan funfun wẹ́wẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú, bí ògì tó gbẹ mọ́ igbá. Ó fi aṣọ tútù wé ìgò náà, ó gbé ọmọ jókòó láàárín ara rẹ̀ àti Armand, ọlọ́kadà àdúgbò wa.

"Armand, Pobè là ń lọ. Má ṣe dúró dé ẹnikẹ́ni."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi du ẹ̀mí ọmọ náà ní ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kẹta tó lajú tó béèrè oúnjẹ, Tàǹtí Murielle yẹ ìgò náà wò.

"Ìyá Ọpẹ́, ta ló ń gbọ̀n ọ́n? Mo ní kí ẹ máa yí i jẹ́jẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mò ń ṣe, Tàǹtí."

"Ẹnìkan ń gbọ̀n ọ́n nílé yín. Bí wọ́n bá ń gbọ̀n ọ́n, ńṣe ló máa ń dì wẹ́wẹ́ báyìí, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́."

Wọ́n délé lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Félicité kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, tó sì bi í bóyá ó fọwọ́ kan ìgò náà.

Inú Ìyá Àgbà dùn. "Èmi ni! Kí o tó jí ni mo máa ń gbọ̀n ọ́n dáadáa fún ọ. O ò rí i pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ń sùn nísàlẹ̀ ni? Àgbo wo la kì í gbọ̀n ká tó mu ún?"

Lẹ́yìn náà ló wo ojú wa. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Yéè! Ṣé èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á?"

Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n dá a padà sí Tatonnonkon lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Félicité kọjú sí mi.

"Ìwọ, dákẹ́. Tàǹtí sọ ọ́ fún mi, èmi ni mi ò sọ ọ́ fún Ìyá. Mo tọ́jú oògùn pamọ́, mo sì tọ́jú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọpẹ́, o ò jalè. Forí jì mí."

Mi ò tíì gbọ́ ọ rí kí ìyá bẹ ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìgò tuntun lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Ìyá ní òun kò ní gbà á, ọwọ́ òun burú. Félicité ní ẹyìn ń dúró de òun ní ẹbu, àti pé láti òní lọ, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n nínú ilé yìí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ bo ti ìyá, wọ́n jọ ń yí i lọ, wọ́n jọ ń yí i bọ̀. Ọpẹ́yẹmí ti ká aṣọ sókè, ó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n.

"Fi mí sílẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí nígbà tó yá. "Mo ti mọ̀ ọ́n."

Félicité yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì gba ẹbu lọ.