Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Kò Wú

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ni Ìyá Àdínì mọ́sáláṣí wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní èmi ni màá ṣe wáàsí fún àwọn obìnrin ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà.

"Orí ìwà rere ni kí o ti sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Bó ṣe yẹ kí Mùsùlùmí máa bá ọmọ ènìyàn gbé. Má jẹ̀ẹ́ kó gùn jù o, nítorí àwọn kan á ti sùn."

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń jókòó sórí ẹní ẹ̀yìn níbẹ̀, tí mò ń gbọ́ tẹlòmíràn. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni mò ń rán ní Takie, níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sẹ́ni tó ń wá télọ̀ lọ sídìí wáàsí. Ṣùgbọ́n alùfáà ni bàbá mi ní Ọ̀yọ́ nígbà ayé wọn, mo sì gbà pé ìmọ̀ náà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, pé ẹni tí yóò ní kí n tú u jáde ni kò tíì yọjú. Kí n tó délé lọ́jọ́ náà, mo ti ra ìwé tuntun kan àti bíírò.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rín músẹ́ sí ọmọnìkejì, sàárà ni. Mo kọ ọ́ pé kí èèyàn mú ẹ̀gún kúrò lójú ọ̀nà, sàárà ni. Mo rántí ẹ̀kọ́ Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá wọn, pé bí a bá ń se ọbẹ̀, ká bomi sí i kó lè kárí aládùúgbò. Bí mo ṣe kọ "aládùúgbò" tán ni bíírò dúró lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kẹjọ rèé tí mi ò ti kí aládùúgbò tèmi.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá náà, wọ́n á ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún. Ìdílé Onítẹ̀bọmi pátápátá ni wọ́n, láti ìgbà tí òyìnbó ajíhìnrere láti Amẹ́ríkà ti kọ́ bàbá bàbá wọn ní ìwé. Ògiri kúkurú ló pààlà sáàárín àgbàlá wa. Àràárọ̀ ni mo máa ń kí wọn lórí ògiri yẹn, tí wọ́n á sì béèrè gbogbo ilé lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ, ọmọ, àti adìyẹ tó ń sàba.

Ohun tó fa ìjà kò ju ewé lọ. Igi máńgòrò kan wà lágbàlá wọn, àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n gbá ewé rẹ̀ jọ, wọ́n sì dáná sun ún. Mo ti sá aṣọ funfun tí mò ń wọ̀ lọ sí àsàlátù, gbogbo rẹ̀ látorí ìborùn dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ti inú ilé jáde, eérú dúdú ti tò sí i lára bí ẹni wọ́n ata sí ẹ̀kọ. Mo já bùbá náà lórí okùn, mo gbé e sókè síwájú ògiri, mo pariwo.

"Màmá! Ẹ wo ohun tí iná yín ṣe sáṣọ mi!"

Màmá gbójú sókè. Wọ́n wo aṣọ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n juwọ́ sí mi.

"Ó dára o, ọmọ mi! Wàá lò ó gbó!"

Ara mi gbóná janjan. Ẹni tó ba aṣọ mi jẹ́ ló tún ń kí mi kú aṣọ tuntun! Mo gbà pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ kọjá níwájú ilé wọn, màá fa híjáàbù mi bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kọjú sí ọ̀dọ̀ wọn, màá fọwọ́ dì í mú síbẹ̀, kí ojú wa má bàa ṣe mẹ́rin.

Nígbà tí mo rojọ́ fún ọkọ mi, ó jẹun tán kó tó dáhùn. "Ṣé màmá yẹn mọ̀ pé ẹ ń jà?"

"Báwo ni wọn ò ṣe ní mọ̀?"

"Mo kàn bi ọ́ ni," ó wí, ó sì lọ fọwọ́.

Mo mọ̀ dájú pé ẹ̀sìn wa kò fẹ́ ká yan ara wa lódì kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá àwíjàre. Mo ní ṣebí Mùsùlùmí sí Mùsùlùmí ni wọ́n sọ ìyẹn fún, Onítẹ̀bọmi sì ni màmá. Bí mo ṣe rò ó tán ni ojú ti èmi fúnra mi, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ bi aládùúgbò ní ẹ̀sìn rẹ̀ ká tó bomi sọ́bẹ̀. Síbẹ̀, ìbínú náà kò lọ. Mo fo ìlà aládùúgbò nínú ìwé mi, mo kọ nǹkan mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láti lọ bi ìyá mi ní ọ̀rọ̀ nípa bàbá mi. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ alùfáà, bàbá mi tún ń ṣiṣẹ́ awọ. Wọ́n ń rán tìmùtìmù aláwọ̀ mèremère tí àwọn èèyàn ń rà lọ fi jókòó. Mo fẹ́ ìtàn kan nípa sùúrù wọn tí yóò mú kí àwọn obìnrin àsàlátù máa mirí.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà nínú igbá nígbà tí mo dé. "Má lọ sọ fún wọn pé èèyàn mímọ́ ni bàbá rẹ o," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó tẹnu wọn jáde. "Bí ebi bá ń pa wọ́n, ta ló lè bá wọn sọ̀rọ̀?"

Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ìtàn kan fún mi. Ọkùnrin kan gbé tìmùtìmù tó ti ya dé láti ọ̀nà jíjìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú bàbá mi níwájú àwọn oníbàárà pé iṣẹ́ jágbajàgba ni wọ́n ń ṣe. Bàbá mi fún un lómi mu, wọ́n gba tìmùtìmù náà, wọ́n rán an dáadáa, wọ́n sì sìn ín dé ojú ọ̀nà. Ọkùnrin náà ti lọ tán kí ìyá mi tó gbọ́ pé bàbá mi kọ́ ló ṣe tìmùtìmù ọ̀hún. Ẹlòmíràn ló ṣe é.

"Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́," ni ìyá mi wí. "Wọ́n ní ó ti rẹ ọkùnrin náà. Wọ́n ní bí àwọn bá bá a jiyàn, àwọn á jàre lóòótọ́, ṣùgbọ́n tìmùtìmù tó ya náà ni ọkùnrin yẹn á gbé padà sílé. Ọjọ́ méjì ni inú fi ń bí mi. Inú ò bí wọn."

Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ ni wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ mi. "Màmá Nọ́ọ̀sì ò fi máńgòrò rán ọ sí mi?"

Gbogbo ìgbà tí máńgòrò bá ti pọ́n ni màmá máa ń di àpò kan fún ìyá mi, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí. Mo ní mi ò rí wọn kí n tó kúrò nílé. Ìyá mi dẹ́kun ẹ̀wà ṣíṣà, wọ́n ń wò mí. Mi ò lè pa irọ́ náà mọ́, mo rojọ́ látòkèdélẹ̀.

Wọ́n gbọ́ ọ tán. "Mo ti gbọ́ ohun tí iná ṣe sí aṣọ," ni wọ́n wí. "Kí ló wá ṣe sí ẹnu rẹ tí kò fi lè kí èèyàn mọ́?"

Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo pinnu pé màá lọ bá màmá kí n tó ṣe wáàsí. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọjọ́ Ajé kọjá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, ọwọ́ mi á tún fa híjáàbù. Ó di ọjọ́ Sátidé, wáàsí wá ku ọ̀la. Mo ti kírun Àyìlá, mo ń wọ bàtà láti lọ, nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ilé o! Ẹ pẹ̀lẹ́ o!"

Màmá Nọ́ọ̀sì ló dúró síbẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan gbé ògì tútù nínú ike, ọ̀kan gbé mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kẹta di nǹkan kékeré kan sínú ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kí wọ́n wọlé.

Èyí tó gbé ògì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "A gbọ́ pé ara yín ò le. Màmá ti fi ọ̀rọ̀ yín sí àdúrà láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní eyín ni, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wú débi pé ẹ ò lè la ẹnu kí èèyàn mọ́."

"Kànáfùrù rèé," ni ẹni tó mú ọ̀rá dání wí, ó nà án sí mi. "Ẹ máa fi há ibi tó ń dùn yín. Ẹ̀yin ẹ máa mu ògì, mọ́ínmọ́ín náà rọ̀, kò sí eegun ẹja nínú rẹ̀."

Èyí tó gbé mọ́ínmọ́ín tẹ̀ síwájú, ó fara balẹ̀ wo ojú mi lọ́tùn-ún lósì. "Ó ti fò!" ló pariwo. "Ẹ wò ó, ó ti fò pátápátá! Àdúrà ti gbà!"

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ọlọ́run. Màmá Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú, inú wọn ń dùn bí ẹni pé ọmọ wọn ló bímọ.

Kí n má purọ́, ó wù mí kí n gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju "Alhamdulilááhì" lọ, ìjà á sì parí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé wáàsí wà lórí tábìlì níbẹ̀, ó ṣí sílẹ̀ ní ojú ewé tí mo ti kọ òtítọ́ sísọ sí. Mo tún kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Eyín ò dùn mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ò wú. Ìbínú ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń bá Màmá jà."

Màmá na ọrùn, wọ́n kọ etí ọ̀tún sí mi. "Kí ló wí?"

Obìnrin tó gbé mọ́ínmọ́ín fẹnu sí etí náà, ó sì kígbe. "Ó ní òun ń bá yín jà ni!"

"Èmi?" Màmá fìdí lé àga. "Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni obìnrin náà tún kígbe.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!" Wọ́n wò mí títí. "Ta ló wá borí?"

Obìnrin tó gbé ògì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo wa bá tẹ̀ lé e. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ẹkún. Mo gbé bùbá náà jáde, mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, etí ọ̀tún kan náà ni mo sì sọ ọ́ sí.

Ìgbà náà ni ojú wọn yí padà. "Mo rò pé aṣọ tuntun lo ń fi hàn mí ni," ni wọ́n wí wẹ́rẹ́. "Etí òsì yìí ti kú láti èṣín. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti ní 'kí lo wí' lẹ́ẹ̀mẹta, mo máa ń rí i pé ọ̀rọ̀ mi ti sú èèyàn. Nítorí náà, ẹ̀rín ni mo kàn ń rín."

Mi ò lè gbójú sókè. Ogójì ọdún ni màmá yìí fi ń gbọ́ ìrora ẹlòmíràn ní ilé ìwòsàn, odidi ọdún kan ni mo sì ti ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí tó ti kú láìfura. Mo tọrọ àforíjì. Wọ́n fọwọ́ bà mí lórí, wọ́n ní tàwọn náà wà níbẹ̀, àwọn ìbá ti wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kí àwọn tó ṣáná sí ewé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di nọ́ọ̀sì padà. Wọ́n ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí aṣọ náà, kí n bu iyọ̀ sí i, kí n sá a sóòrùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìwé mi sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo sọ fún àwọn obìnrin àsàlátù, títí kan híjáàbù tí mo fi ń bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó sùn. Ìyá Àdínì rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní láti yọ awò ojú wọn kí wọ́n lè nu omijé. Láàárín ọ̀rọ̀ ni obìnrin kan dìde tó jáde, mo sì rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó padà wọlé nígbà tó yá, fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ni òun lọ pè, pé àwọn ò ti bára àwọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà Iléyá. Ẹnì kan ké pé, "Ṣé ó gbé e?" Ó ní, "Ó gbé e." Gbogbo mọ́sáláṣí gbà á pẹ̀lú "Allāhu Akbar."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni èmi àti Màmá Nọ́ọ̀sì jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Sábó láti lọ ra àlùbọ́sà. Ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún wọn ni mo jókòó sí. A dé ọ̀dọ̀ bàbá Hausa kan tó kó àpò jọ síwájú, mo ti ń múra láti fi Yorùbá àti ọwọ́ nínà ná ọjà, nígbà tí Màmá la ẹnu, tí Hausa ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Bàbá náà dìde kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, ó ń da ọwọ́ méjèèjì bo àyà, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní òkè Ọya fún ọdún mẹ́fà nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, pé ọmọ tí àwọn gbẹ̀bí rẹ̀ níbẹ̀ kò níye.

Ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, mi ò mọ̀. Bàbá náà bu ẹ̀kún ọwọ́ mẹ́ta lé ọjà wa, ó tún bu ìkan sí i. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà, mo ní kí Màmá kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn kú àárọ̀ ní èdè náà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè é kí wọ́n tó ní ó ti ń jọ ọ́. Awakọ̀, tó jẹ́ ọmọ Sábó fúnra rẹ̀, yíjú padà, ó ní kò tíì jọ ọ́ rárá.

Màmá ní, "Kí ló wí?"

"Ó ní mo mọ̀ ọ́n sọ, mà," ni mo kígbe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó ń pa awakọ̀ ti tú mi fó, ni mo bá yára sọ òtítọ́.