Gíà Ọtọmátíìkì tí Mo Yàn fún Pikọ́ọ̀pù Àlájà

Bí ẹ bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe tó dáa jù láti ọjọ́ tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe n'Ílọrin, pikọ́ọ̀pù Àlájà Sáratù ni màá dárúkọ. Bí ẹ bá sì bi mí pé èwo ló dùn mí jù lọ́kàn, òun náà ni.

Ọkọ Àlájà ló ni ín. Òun ló fi ń kó iṣu láti Òkè-Oyì wá sí ọjà Ìpàtà kí n tó mọ iṣẹ́ rárá. Ọkọ kú, ẹ́ńjìnnì náà sì kú tẹ̀lé e. Àlájà ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn làwọn ó máa wà á. Ṣùgbọ́n orúnkún òsì wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Gíà ọtọmátíìkì, tí kì í lo kílọ́ọ̀ṣì, nìkan ló lè gbà wọ́n.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Sálíù, ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adéwọlé. Wọ́n á fetí sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ní, "Ikọ́ lásán ló ń wú, kò ní kú," gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín.

Gíà méjì la rí. Ọ̀kan ti ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá, ó kéré, ó wọ abẹ́ pikọ́ọ̀pù wẹ́kú. Èkejì ti ara bọ́ọ̀sì akẹ́rù wá, ó gùn, àfi ká gé ṣáàfù, irin tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kó tó lè gbà á. Ọ̀gá mi nàka sí èyí tó kéré níṣojú Àlájà àtàwọn oníbàárà mìíràn.

"Èyí ni kẹ́ ẹ fi sí i. Kò ní da Àlájà láàmú."

Láàárín àwa mẹkáníìkì, bí àgbà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú oníbàárà, ńṣe lo máa rọra pè é sí kọ̀rọ̀. Wàá sọ fún un létí, òun fúnra rẹ̀ á padà wá tún un sọ. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá gan-an ni mo ti kọ́ ọ. Àmọ́ ẹnu mi ṣáájú ọpọlọ mi.

"Háà, Ọ̀gá! Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìyẹn! Bí wọ́n bá kó iṣu lé e, á jóná kó tó gun òkè kan. Àbí ẹ ti gbàgbé iṣẹ́ ni?"

Àlájà wolẹ̀. Oníbàárà kan rẹ́rìn-ín: "Bàbá ti darúgbó o!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Òótọ́ ni Ráímì sọ," Ọ̀gá mi fèsì. "Tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe." Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ kírun Aláàsárì, bẹ́ẹ̀ àkókò ò tíì tó.

Gíà bọ́ọ̀sì la fi sí i. Wọ́láì, ó ṣiṣẹ́! Àlájà kó iṣu kún un bámúbámú, ó gun gbogbo òkè. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí. Ọ̀gá mi ò wá wò ó. Wọn ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ rárá.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ nílé wọn.

"Dìde jàre. Ṣé irọ́ lo pa ni?"

"Rárá, sà."

"Kí lo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé àpótí sípánà wọn jáde, èyí tí wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́.

"Máa lò ó. Mi ò nílò rẹ̀ mọ́."

Inú ò bí wọn. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi. Mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé wọn, mo sunkún bí ọmọdé.

Àpótí náà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tíì lè ṣí i.