Òwú Lásán Náà Ní Nọ́ńbà

Lẹ́tà méjì péré ló kó sí mi lórí. Ní Ṣakí ni, láàárín ọdún 1980 sí 1990, ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí mo ti ń tẹ̀wé. Ẹni tó wá gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ fún wa tẹ n, ó tẹ l, ó fi orúkọ ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tì í. Kí n tó ṣẹ́jú, nọ́ńbà ti wà níwájú gbogbo ìlà. Láti ọjọ́ náà, ìwé ìtọ́ni kọ̀ǹpútà di oúnjẹ ọ̀sán mi. Kódà, mo fi nọ́ńbà sí ìkìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹun nídìí ẹ̀rọ.

Nígbà tí yìgì mi kù díẹ̀, bàbá mi, tó jẹ́ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, ní òun fúnra òun ló máa hun aṣọ ìyàwó mi. Àwọn àna ti sọ ọ́ pé bí aṣọ kò bá délẹ̀, yìgì di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ni ọ̀ràn òkú bá gbé bàbá lọ sí Ìgbòho. Kó tó lọ, ó ka ètò òwú náà fún mi látinú orí rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀: pupa, pupa, lásán, dúdú. Nílé wa, a kì í ka funfun sí àwọ̀. Òwú tí a kò rẹ láró ni, òwú lásán. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ní Ṣakí, òwú kan sí ìlà kan. Níbi tó bá ti ní lásán, mo fi ìlà náà sílẹ̀ lásán. Mo pe n àti l, mo sì gbé ìwé tó jáde lọ sídìí òfì bàbá ní Ìsẹ́yìn.

Èyí tó bá ti ní nọ́ńbà ni mo ń tò. Ó parí sí mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí hun ún, inú mi ń dùn pé n kò fo ìkankan.

Bàbá dé, ó fi àtàǹpàkò wọn aṣọ náà. "Akọ̀wé, okùn ṣòkòtò ta nìyí?"

Mo ní bí ẹ̀rọ ṣe kà á ni. Ó ní funfun dà.

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní lásán ni."

"Ṣé kì í ṣe lásán ló ń mú aṣọ fẹ̀ ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Èmi wọ mọ́tò padà sí Ṣakí, mo ṣí ìwé ìtọ́ni. Ó wà níbẹ̀ gbangba: n àti l kì í ka ìlà tó ṣófo, àfi tí a bá fi b àti a kún un. Àwọn òyìnbó ní ìtumọ̀ tiwọn fún un, ṣùgbọ́n bá ni mo kà á sí, kí nọ́ńbà lè bá gbogbo wọn.

Nígbà tí mo gbé ìwé tuntun, tí gbogbo ìlà rẹ̀ ní nọ́ńbà, padà dé Ìsẹ́yìn, bàbá ti ń to òwú látinú orí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá kí i kú àṣẹ̀yìndè ti dá a lọ́nà, kò mọ ibi tó dé mọ́. Kò wo ojú mi.

"Kà á."

Mo ń kà, ó ń tò. Yìgì kò yẹ̀. Nọ́ńbà tó wà níwájú òwú tó kẹ́yìn ni igba ó lé mẹ́rin, lásán sì ni òwú náà.