Ọjọ́ tí Olùkọ́ Mi Wá Bẹ Bàbá Mi

Mo rántí bí mo ṣe tẹjú mọ́ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ní ọdún kẹta tí mo wà ní yunifásítì, níbí ní Ẹdẹ, tí òógùn àtẹ́lẹwọ́ mi sì ń rin ìwé náà. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni mò ń kọ́. Ẹ̀kọ́ méjì péré ló kù tí mo ní láti yàn láti ẹ̀ka ìṣirò, méjì ọ̀hún ni kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ni mo ti ń sọ fún gbogbo ilé pé màá gba oyè ọ̀mọ̀wé. Láti ọdún kìíní ni àwọn ará agboolé wa ti ń pè mí ní Dókítà, tí àwọn ìyá àgbà ń gbé orúnkún tó ń dùn wọ́n wá bá mi, èmi náà á sì mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan kan.

Olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà, obìnrin kan tí kì í pariwo, ló sọ òótọ́ fún mi. Wọ́n ní àwọn tó ń gbani wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé kì í kọ́kọ́ wo ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé téèyàn ṣe, ìṣirò rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní kí n fi ìṣirò fẹ́rẹ́fẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń yàn sílẹ̀, kí n mú ájébírà, níbi tí wọ́n ti ń to nọ́mbà ní ìlà-ìlà bí ebè, kí n sì mú análísísì, níbi tí èèyàn kò ti ní í ṣírò nǹkan kan, àfi kó máa mú ẹ̀rí wá pé ohun tí gbogbo ayé ti gbà jẹ́ òótọ́. Èyí ìkẹyìn yìí ló dẹ́rù bà mí jù. Mo yọjú sí kíláàsì wọn lẹ́ẹ̀kan, mo rí i tí olùkọ́ kọ pátákó kún láìsí nọ́mbà kan ṣoṣo níbẹ̀, mo sì yára jáde. Ọ̀nà fáàsì kíláàsì ni mo wà. Bí análísísì bá gbà á lọ́wọ́ mi, ojú wo ni màá fi wo bàbá mi, tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ wọn lọ́nà Awo ni wọ́n fi ń rán mi níwèé? Àwọn àgbà ní ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ dúró wò ó bóyá ejò ni tàbí okùn.

Mo bá yan èyí tó rọrùn. Nígbà tí olùkọ́ mi béèrè ìdí, irọ́ tó sún mọ́ ẹnu mi jù ni mo pa. "Bàbá mi ni wọn ò fẹ́, mà. Wọ́n ní ìṣirò yẹn máa ba èsì mi jẹ́."

Olùkọ́ mi ò bá mi wí. Wọ́n kàn gbé fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìfọwọ́ sí i, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìforúkọsílẹ̀ parí. Mo ti gbàgbé irú ìlú tí à ń gbé, níbi tó jẹ́ pé bí òbí bá kọ̀ fún ọmọ, àgbà mìíràn á wọ bàtà, á lọ bá ọmọ náà bẹ̀bẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò lò tó ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun aláásárì, mo ń kó láfún tí a sá sí àgbàlá, ni kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ mi ló sọ̀kalẹ̀, àgbà olùkọ́ ìṣirò kan sì tẹ̀ lé wọn. Mo fẹ́ sá, mi ò mọ ibi tí màá sá gbà.

Bàbá mi wà lórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Olùkọ́ mi, tí gbogbo kíláàsì ń bẹ̀rù, kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn.

"Bàbá, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣe ìṣirò tẹ́ ẹ ní kó má ṣe yẹn. Bí kò bá ṣe é, ọ̀nà tó fẹ́ tọ̀ á dí mọ́ ọn."

Bàbá mi wo àwọn àlejò náà, wọ́n sì yíjú wò mí. "Ìṣirò wo?" Ọ̀rọ̀ méjì yẹn péré ló tó láti tú àṣírí mi. Wọ́n fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà bíi mélòó kan.

"Ẹ dìde, ìyá," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ̀bẹ̀ yín ti wọlé. Á ṣe é."

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, ohun tí bàbá mi sọ fún mi ò ju pé kí n kó láfún wọlé, torí òjò ti ṣú. Ìtìjú pa mí ju ẹgba lọ.

Mo ṣe é. Bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe ń lọ sí kíláàsì náà. Ìdánwò àkọ́kọ́ kò ṣeé fi han èèyàn. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rí tí wọ́n ń kọ sójú pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Mo yege níkẹyìn, àmọ́ èsì mi kò dán. Fáàsì kíláàsì bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì dùn mí títí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà mí wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé, ibẹ̀ ni mo wà di òní.

Nígbà tí mo wálé ọdún Iléyá tó kọjá, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ irọ́ náà fún bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí mo rí olùkọ́ méjì nínú ilé mi," ni wọ́n wí, "mo rò pé wọ́n wá sọ pé wọ́n ti lé ọ ni. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ìyá yẹn. Ìgbà tí mo wá gbọ́ pé ìwé ni wọ́n fẹ́ kó o kà, bí wọ́n bá ní èmi ni mo jí ẹran inú ọbẹ̀ jẹ, ǹ bá gbà."

Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi rò pé èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà lágbàlá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù tèmi ló jẹ́ kí n di ẹ̀bi ru bàbá mi. Tiwọn pọ̀ ju tèmi lọ, wọ́n sì gba ẹ̀bi náà láìbéèrè ohun tí wọ́n ṣe.