Àbúrò Ìyá Mi Tó Ń Kọrin ní Jọ́ọ̀sì

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rún atare lẹ́nu nítòsí mi, àbúrò ìyá mi ni mo máa ń rántí. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ilé ọtí ńlá kan ní Jọ́ọ̀sì ló ti ń kọrin, kì í sì í kọrin láìkọ́kọ́ rún ẹyọ méje. Á ní, “Ọlọ́run ló ni ohùn yìí, èmi kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni.”

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó wá sí Kabba, ìlú wa, ó bẹ bàbá ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa pé kó jẹ́ kí òun kọrin ìsìnkú.

“Ohùn ilé ọtí kò gbọdọ̀ wọ ibí,” ni bàbá wí.

“Okun o, Bàbá,” ó kí i bí àwa ará Kabba ṣe ń kíni. “Páànù tó wà lórí yín yìí ńkọ́? Owó tí mo rán láti ilé ọtí náà ni wọ́n fi rà á o.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá lé e síta.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló dá orin náà. Ó gbé e sókè jù, ohùn sì há gbogbo wa lọ́fun. Láti ẹ̀yìn fèrèsé ni àbúrò ìyá mi ti tún un dá ní ohùn ìsàlẹ̀, a sì tẹ̀lé e dé òpin. Kò sẹ́ni tó pè é wọlé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi mí sínú ẹgbẹ́ akọrin títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, n kò sì ṣí i.