Ìdọ̀bálẹ̀ Bàbá Mi Níwájú Dókítà

Òórùn òrí àti ata ilẹ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, nílé wa ní àdúgbò Attiégou. Màámi ti ń fi aṣọ gbígbóná tẹ orúnkún Bàbá láti ìdájí. Sójà ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹrù wúwo tí wọ́n ń gbé rìn nínú iṣẹ́ náà ló ba oríkèé orúnkún rẹ̀ jẹ́. Àwọn aláṣẹ ní irọ́ ni, wọ́n ní ọjọ́ orí ló ń dà á láàmú, àwọn ò ní san owó aláàbọ̀ ara fún un. Bàbá pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n wá ní kí àwọn dókítà mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà. Àǹfààní ìkẹyìn nìyẹn.

"Bàbá Sìkírá, ẹ má ṣe bí akin níbẹ̀ o," Màámi kìlọ̀. "Ibi tó bá ti ń dùn yín, ẹ pariwo."

Èmi Sìkírá ni mo gbé fọ́tò egungun rẹ̀ dání. Ó ń fi ọ̀pá tiro, ó ń di ògiri mú gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn. Nínú yàrá, dókítà àgbà kan tí irun rẹ̀ funfun báláú wo orúkọ Bàbá nínú ìwé, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ Yorùbá! Ṣé dáadáa lo jí?" Ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé ni dókítà náà, Yorùbá bíi tiwa.

Yéè! Inú Bàbá dùn, ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó sì dá dìde.

Dókítà kékeré tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà náà rẹ́rìn-ín. "Très bien," ó ní, pé ó dára gan-an. Mo rò pé ó ń yìn ín ni. Ṣebí Bàbá ló máa ń sọ fún wa pé ọ̀wọ̀ àgbà kì í gbé. Àṣé orúnkún ló ń wò. Wọ́n ní orúnkún tó lè ṣe báyẹn ò ní àbùkù kankan, wọ́n sì da ẹjọ́ náà nù lójú ẹsẹ̀.

A ò tíì rìn jìnnà tí ẹsẹ̀ Bàbá fi kọṣẹ́. Ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ó ń làágùn. Orí mi dàrú pátápátá.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ dọ̀bálẹ̀?"

"Àgbà ni."

Nígbà tí a délé, Màámi bínú títí. "Ṣé ẹ ò lè fẹnu kí i ni?"

Mo ti ju ọjọ́ orí Bàbá ìgbà yẹn lọ báyìí, orúnkún tèmi náà sì ti ń dùn mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá arúgbó kan tí òun àti Màámi jọ tajà ní ọjà Adawlato wá kí mi. Kí n tó ronú, mo ti kúnlẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló fà mí dìde.

"Maman, ẹ mọ̀ pé ó ń dùn yín. Kí ló dé tí ẹ kúnlẹ̀?"

Mo fọwọ́ pa orúnkún mi.

"Àgbà ni," ni mo sọ.

Kò yé e. Kò tíì yé èmi náà.