Wọ́n Bá Mi Yọ̀ Lórí Àìsàn

Òkèlè kẹta ni mo gbé dé ẹnu tí mo fi yó bámúbámú. Ẹ̀bà tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ni, ọbẹ̀ ẹja tútù ló wà níwájú mi, ebi sì ti ń pa mí bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mo ti àwo sẹ́yìn, mo fọwọ́ kan abẹ́ ìhà mi lápá òsì. Nǹkan kan le níbẹ̀. Kò dùn mí, ó kàn le ni, ó sì wúwo.

Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Morogbo. Ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi dé apá Àgbádárìgì, ọkọ ló sì dá mi dúró síbẹ̀: Sétónjí, ọmọ Ègùn, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù kọjá ní ẹnubodè Seme. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí mò ń sọ yìí, a sì ti wá ọmọ títí ó fi sú wa láti máa sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá ti wá ọmọ rí nìkan ló mọ bí nǹkan oṣù ṣe lè di ọ̀tá ènìyàn.

Kí inú mi tó le ni àárẹ̀ ti dé. Màá jí, yóò sì dà bí ẹni pé oko ni mo sùn sí mọ́jú. Òógùn ń mú mi lórí ibùsùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń pààrọ̀ aṣọ. Apá mi rù, ojú mi rù, ikùn nìkan ló ń yọ síwájú. Nǹkan oṣù mi náà ń ṣe ségesège. Ẹ ti mọ ibi tí ọkàn mi lọ.

Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Topo, lódìkejì ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi ló máa ń wọ̀ wá kí wa, pẹ̀lú ẹja yíyan nínú agbọ̀n. Lọ́jọ́ kan ó gbé agbọ̀n sílẹ̀, kò tíì kí mi tán tó fi na ọwọ́ sí mi níkùn.

"Vi ṣie, ọmọ mi, má parọ́ fún mi o. Oṣù mélòó?"

"Ìyá, n ò tíì mọ̀."

"Èmi mọ̀! Ọmọ méje ni mo bí. Mo mọ bí inú ṣe ń le. Máwù, Ọlọ́run wa, ti ṣe é!"

Ó jó yí mi ká nínú yàrá, ó ń sọkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà sọkún. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìsàlẹ̀ ikùn, láàárín gbùngbùn, ni ilé ọmọ wà, mo gbà pé ọmọ tèmi lè fi abẹ́ ìhà òsì ṣe ilé. Mi ò ṣe ìdánwò oyún. Ìdánwò yẹn ti sọ rárá fún mi títí, mo sì ti búra pé n ò ní bi í ní nǹkan kan mọ́. Níbi iṣẹ́, wọ́n gba iṣẹ́ òwúrọ̀ lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ kíláàsì ń bá mi gbé báàgì. Wọ́n ń kí mi kú oríire, mo sì ń dáhùn.

Lọ́sẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ tú síta, sẹ́ẹ̀lì ni mò ń kọ́ wọn. Mo ya á sára pátákó, mo ní: sẹ́ẹ̀lì ni ohun tó kéré jù lọ tí a lè sọ pé ó wà láàyè. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí i ká, awọ yìí ló ń yan ohun tó lè wọlé àti ohun tó gbọ́dọ̀ jáde. Inú rẹ̀ kún fún omi tó ki bí ògì, tí à ń pè ní sáítópíláásìmù. Inú omi yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ wà: mitokọ́ńdíríà ń sọ oúnjẹ di agbára, ráíbósóòmù ń to purotéènì pọ̀. Núkílíọ́ọ̀sì ni olórí ilé. Òun ló tọ́jú kírómósóòmù, níbi tí a kọ gbogbo ìtọ́ni sí, títí kan ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ pín sí méjì àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ sinmi. Bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ ni nǹkan gún mi lábẹ́ ìhà, ojú mi ṣú, mo sì bá ara mi nílẹ̀.

Wọ́n sáré gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Gbogbo ẹnu ń sọ pé, "Aláboyún ni o! Aláboyún ni!" Nọ́ọ̀sì wá ìró ọkàn ọmọ nínú mi tì, wọ́n bá gbé mi lọ sídìí ẹ̀rọ síkáànù. Ọkùnrin tó ń ṣe é ti irin tútù kan káàkiri ikùn mi, ó tún ti í.

"Mà, ilé ọmọ yín ṣófo."

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún un wò. Ó tún un wò. Àánú mi ṣe é, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó rí kò yàtọ̀. Ọlọ inú mi ló wú tó fi sún mọ́ ìdodo. Ọlọ inú ni ẹ̀yà ara abẹ́ ìhà òsì tó máa ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń yọ sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó dànù. Tèmi ti kún fún ohun tí kò lè sẹ́ tán.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn ọmọ ogun ara, ti pọ̀ kọjá ààlà. Wọ́n ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní àárín Èkó. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ìdúró jẹ́. Orí bẹ́ǹṣì gígùn la máa ń wà láti òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kì í bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó ń ṣe é. Ọkùnrin kan wà tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, tó ń pe ara rẹ̀ ní alága bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ kan a dé, ẹlòmíràn ló jókòó síbi tó máa ń jókòó. A ò béèrè, torí gbogbo wa mọ ìdáhùn.

Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ fa mùdùnmúdùn inú eegun ìbàdí mi, torí ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. N ò ní tan ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe é jẹ: ó dùn mí. Abẹ́rẹ́ apàrora mú kí awọ kú, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún inú eegun. Nígbà tí wọ́n fà á, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fa ẹsẹ̀ mi jáde láti inú. Mo ké. Ìrora yẹn kò pẹ́, ẹ di ẹnìkan lọ́wọ́ mú.

Dókítà, obìnrin kan tí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́, pe èmi àti Sétónjí jókòó. "Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni, mà. Irú tó máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni, a sì ní oògùn rẹ̀."

Ó ṣàlàyé, mo sì ń gbọ́ ẹ̀kọ́ tèmi lẹ́nu ẹlòmíràn. Nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú mùdùnmúdùn mi, kírómósóòmù méjì ti já nídìí, wọ́n sì gba ìdí ara wọn. Ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ṣèdá ìtọ́ni tuntun: pín, pín, pín. Kò sí gbólóhùn tó ń sọ pé ó tó. Sẹ́ẹ̀lì yẹn bí méjì, méjì bí mẹ́rin, wọ́n kún ẹ̀jẹ̀, wọ́n kún ọlọ inú. Kì í ràn. Kì í ṣe ohun tí ìyá bí mọ́ ọmọ. Kò sí ẹni tó fi ṣe mí. Mo tẹnu mọ́ èyí torí ẹ ó gbọ́ oríṣiríṣi.

Ojoojúmọ́ ni mo ní láti máa gbé oògùn náà mì. Purotéènì tí ìtọ́ni búburú yẹn ń ṣe ní ihò kan tó fi ń gba agbára. Oògùn á lọ jókòó sínú ihò yẹn, àṣẹ á sì dákẹ́.

"Ohun kan wà," Dókítà ní. "Ẹ ò gbọdọ̀ lóyún tí ẹ bá ń lò ó. Ó lè ṣe ọmọ inú ní ibi."

"Títí di ìgbà wo?"

"Àwọn kan máa ń dá a dúró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí àyẹ̀wò bá gbà. Ẹlòmíràn á lò ó títí ayé. N ò lè ṣèlérí, mà."

Mo ṣírò ọjọ́ orí mi, mo sì mọ̀ pé ọmọ bíbí ti kọjá mi. Nígbà tí a jáde, mo sọ fún Sétónjí pé bó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó mìíràn, n ò ní bínú. Irọ́ ni, ǹ bá bínú kú. Ó dúró lójú títì.

"Ìwọ ni mo lọ tọrọ lọ́wọ́ bàbá rẹ. N ò tọrọ ọmọ. Lo oògùn ẹ."

Oògùn náà kò rọrùn. Èébì ń gbé mi, iṣan ẹsẹ̀ ń fà mí, ìpéǹpéjú mi wú láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Ọlọ inú ń súnkì, ikùn mi ń wọlé. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀: àwọn ènìyàn rí ikùn mi, wọ́n gbà pé oyún ti bà jẹ́. Wọ́n ń wá bá mi kẹ́dùn. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹlẹ́dàá á fi òmíràn rọ́pò." Bí ara mi ṣe ń yá sí i ni wọ́n ń bá mi sọkún sí i. N ò sì lè sọ pé kò sí ọmọ tó kú, torí lójú tèmi, ọmọ kan ti kú.

Sétónjí ló lọ sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyá kò wá mọ́. Ó ń fi ẹja ránṣẹ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan tì í. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ọkùnrin kì í fẹ́ igo oògùn. Ẹ̀rù ikú ti ń dín kù lọ́kàn mi nígbà yẹn. Ẹ̀rù pé wọ́n á lé mi ló ń pọ̀.

Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ekukáká ni wọ́n fi rí sẹ́ẹ̀lì burúkú nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ìyá ránṣẹ́ pé ká wá sí Topo. Òun fúnra rẹ̀ ló wá pàdé wa létí ọ̀sà. A wọ ọkọ̀. Ó jókòó tì mí. Obìnrin kan nínú ọkọ̀, tó mọ̀ ọ́n, wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìyá, ìyàwó yín rèé? Ọmọ mélòó ló ti bí fún yín?"

Mo wo omi. Sétónjí la ẹnu, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn.

"N ò ní kó bímọ fún mi. Ọmọ méje ni mo bí. Èyí ló ṣìkẹjọ. Ó ṣàìsàn, ó fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́, Máwù ò gbà. Fi í sílẹ̀."

Ó fa orí mi mọ́ èjìká rẹ̀, mo sì sọkún títí a fi dé Topo.

Oògùn mi ṣì wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí. Inú ti bí mi sí ara yìí, pé ó ń pín níbi tí kò yẹ kó ti pín, ó sì kọ̀ níbi tí mo ti bẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ́ kíláàsì mi nípa sẹ́ẹ̀lì pupa. Kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń ju núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀ nù, kó lè ráyè gbé afẹ́fẹ́. Nítorí náà kò lè pín mọ́, kò lè ní ọmọ. Yóò kàn máa gbé èémí kiri ara ni, títí yóò fi gbó. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lọ́pọ̀ ọdún láìro nǹkan kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní láti jókòó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa mi nínú ọkàn mi, gbogbo àwọn tí kò bímọ wọ̀nyí tí wọ́n ń mú mi wà láàyè.